Ìbéèrè A, B, C, D nínú saikọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ àti ìwádìí: ibi tó ti ń da èèyàn rú

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ dá a lóhùn lọ́kàn yín kẹ́ ẹ tó kà á lọ. Ọmọ kan ń ké nínú ṣọ́ọ̀bù pé àfi kí wọ́n ra nǹkan ìṣeré fóun, ariwo yẹn sú bàbá ẹ̀, ló bá rà á, ọmọ dákẹ́. Nígbà tọ́mọ tún ké lọ́jọ́ mìíì, bàbá ò tiẹ̀ jẹ́ kó pẹ́ rárá tó fi rà á. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí bàbá? A, positive reinforcement. B, negative reinforcement. C, punishment. D, extinction.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á mú A, wọ́n á ní ṣebí ẹ̀bùn ni nǹkan ìṣeré. Àwọn kan á mú C torí wọ́n rí i pé ojú ń pọ́n bàbá. B ni o. Wọn ò bi yín nípa ọmọ, bàbá ni wọ́n bi yín nípa ẹ̀, ohun tí bàbá sì rí níbẹ̀ ni pé ariwo tó ń yọ ọ́ lẹ́nu dáwọ́ dúró, ìyẹn ló jẹ́ kó tètè máa rà á báyìí. Ká ní ọmọ ni wọ́n béèrè ni, A ló máa jẹ́, torí igbe tó ké ló bá a wá nǹkan ìṣeré, á sì tún ké lọ́la. Ìtàn kan náà, ìdáhùn méjì.

Lójú tèmi o, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fìdí rẹmi nínú irú ìbéèrè ìdánrawò báyìí, wọ́n mọ definition, wọ́n tiẹ̀ há a sórí débi pé wọ́n lè kà á lójú oorun, ohun tí wọn ò wò ni ibi tí ìbéèrè nawọ́ sí: ìwà ta ni, kí ló yí padà, èwo ni olùwádìí fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, èwo ló kàn bá nílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìbéèrè náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá fi ọ̀rọ̀ tó jọra wọn sínú A dé D kó lè tàn yín. Torí náà àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra yìí ni mo fẹ́ tú wò.

Ká parí ti reinforcement ná. Nínú bí Skinner, onímọ̀ saikọ́lọ́jì ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe to nǹkan wọ̀nyí, positive ni pé wọ́n fi nǹkan kún un, negative ni pé wọ́n mú nǹkan kúrò, kò kan dáadáa tàbí búburú rárá. Reinforcement ni pé ìwà yẹn pọ̀ sí i, punishment ni pé ó dín kù. Extinction ni pé ohun tó ń gbé ìwà yẹn ró ò wá mọ́, ìwà náà wá ń kú díẹ̀díẹ̀. Ẹ bi ara yín léèrè méjì péré: ṣé wọ́n fi kún un ni àbí wọ́n mú un kúrò, ṣé ìwà yẹn ń pọ̀ sí i àbí ó ń dín kù? Mọ́tò tó ń dún píìn píìn títí tẹ́ ẹ fi de bẹ́líìtì, tó wá jẹ́ kẹ́ ẹ máa tètè dè é, negative reinforcement. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ tó ń pẹ́ wọlé, ọmọ ò sì pẹ́ wọlé mọ́, negative punishment. Èyí tí àwọn olùdánwò fẹ́ràn jù ni ti tíṣà tó ń jágbe mọ́ ọmọ tó ń pariwo ní kíláàsì, tí ariwo ọmọ náà wá ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Gbogbo èèyàn á sáré mú punishment torí ohun tí tíṣà ní lọ́kàn nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tí tíṣà ní lọ́kàn ò kàn wá, ìwà yẹn pọ̀ sí i, wọ́n sì fi nǹkan kún un, ìyẹn bí gbogbo kíláàsì ṣe ń kọjú sí i, positive reinforcement ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwà yẹn lẹ́yìn náà ló ń sọ orúkọ tó máa jẹ́.

Schedule, ìyẹn ètò ìgbà tí wọ́n ń fúnni ní reinforcement, ò le tó bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù ẹ̀. Ratio ń ka iye ìgbà téèyàn ṣe nǹkan, interval ń wo aago. Fixed, iye ẹ̀ kì í yí padà, variable, ẹ ò mọ ìgbà tó máa bọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní gbogbo ìgbà tó bá rán aṣọ mẹ́wàá pé, fixed ratio. Ẹ̀rọ tẹ́tẹ́, variable ratio, ìdí nìyẹn téèyàn kì í fi í lè dìde níwájú ẹ̀. Ó tán.

Ti Pavlov ńkọ́? Ajá tó ń da itọ́ bó bá ti gbọ́ ìró tó máa ń ṣáájú oúnjẹ ẹ̀, gbogbo ayé ló mọ ìyẹn (ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n sì fún un ní 1904, iṣẹ́ tó ṣe lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ikùn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ fún un, wọ́n máa ń fi ìyẹn náà tan èèyàn). Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ti gbé ajá kúrò nínú ìtàn, tí wọ́n gbé nǹkan mìíì síbẹ̀, èèyàn ò ní mọ èwo ni èwo mọ́. Ẹ wo èyí tí John Watson àti Rosalie Rayner gbé jáde ní 1920. Ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n pè ní Albert, kò bẹ̀rù eku funfun rárá tẹ́lẹ̀, ṣe ló fẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n wá ń fi òòlù lu irin gbàgà lẹ́yìn ẹ̀ bó bá ti ń nawọ́ sí eku yẹn, wọ́n ṣe é títí tó fi di pé bó bá ti rí eku lásán báyìí, láìsí irin láìsí òòlù, ẹkún ló máa bú sí. Ìbéèrè wá ni pé, kí ni unconditioned stimulus níbẹ̀ (stimulus ni ohun tó ń fa nǹkan, response ni ohun tó fà)?

Eku lọ̀pọ̀ ń mú, torí eku ló gba gbogbo ojú ìtàn. Ariwo irin ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọmọ ọwọ́ pé kó ta gìrì tí ariwo bá bú lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n bí i mọ́ ọn ni, ohun tí wọn ò kọ́ni ni ohun tó ń jẹ́ unconditioned. Eku yẹn, neutral stimulus ni kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó wá di conditioned stimulus lẹ́yìn gbogbo ìlù yẹn. Ẹ̀rù ńkọ́? Ẹ̀rù kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjì: tí ariwo bá fà á, unconditioned response, tí eku bá fà á, conditioned response. Nígbà tí ọmọ yẹn tún wá ń sá fún ehoro tí wọn ò lu irin kankan sí, ìyẹn ni generalization. Tẹ́ ẹ bá rí ìtàn tuntun, ì báà jẹ́ ti ẹni tó ń bẹ̀rù ẹ̀wù funfun nọ́ọ̀sì torí abẹ́rẹ́, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí wọn ò kọ́ni yẹn, ìyókù á to ara wọn.

Ó yá, ká lọ sí apá ẹ̀kọ́. Piaget, tó ṣèwádìí bí ọmọdé ṣe ń ronú, máa ń jáde dandan ni. Ẹ bu omi iye kan náà sínú ife méjì tó bára mu, ọmọ ọdún mẹ́rin á ní wọ́n dọ́gba. Ẹ wá da ọ̀kan sínú ife tóóró tó ga, lójú ẹ̀ níbẹ̀ o, á ní tinú èyí tó ga ló pọ̀ jù. Conservation (mímọ̀ pé iye nǹkan ò yí padà tí ìrísí ẹ̀ bá yí) ni kò tíì ní, preoperational ló wà, èyí tí Piaget fi sí nǹkan bí ọdún 2 sí 7. Tó bá wọ concrete operational, nǹkan bí ọdún 7 sí 11, á rẹ́rìn-ín yín tẹ́ ẹ bá bi í. Ọjọ́ orí nìkan ò tó láti fi dáhùn o, ẹ wo ohun tí ọmọ náà lè ṣe àtohun tí kò lè ṣe. Assimilation àti accommodation náà ń bẹ níbẹ̀: ọmọ rí màlúù, ó pè é ní ajá torí ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, ó ti ki ohun tuntun bọnú èrò àtijọ́, assimilation. Ìgbà tó gbà pé èyí kì í ṣe ajá, tó wá yí èrò ẹ̀ padà kó lè gba màlúù láyè, accommodation. Èwo ló yí padà, ohun tó rí ni àbí èrò tó wà nílẹ̀? Ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Vygotsky, tóun náà ṣèwádìí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ nǹkan, ẹ rántí zone of proximal development, ìyẹn ohun tọ́mọ ò tíì lè dá ṣe ṣùgbọ́n tó lè ṣe tí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ bá ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ scaffolding (ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń fún ọmọ títí tó fi lè dá a ṣe) tí gbogbo èèyàn ń gbé fún un yẹn, Wood, Bruner àti Ross ló lò ó ní 1976, Vygotsky ti kú láti 1934.

Bloom ńkọ́? Taxonomy ẹ̀ ni ìtò tó fi to ìpele ìrònú nínú ẹ̀kọ́ láti ìsàlẹ̀ dókè. Ìbéèrè tó ní "èwo ló ga jù nínú taxonomy Bloom" lè ní ìdáhùn méjì. Nínú ti 1956, evaluation ló wà lókè pátápátá, synthesis wà lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2001, wọ́n sọ gbogbo orúkọ yẹn di ọ̀rọ̀ ìṣe, create wá bọ́ sókè, evaluate wá sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ wo bí ọ́pṣọ̀n ṣe jẹ́, tó bá jẹ́ evaluation àti synthesis lẹ rí, ti àtijọ́ ni, tó bá jẹ́ create, ti tuntun ni. Olùdánwò tó fi evaluation àti create sínú ìbéèrè kan náà láì sọ èwo ló ń bi yín, òun gan-an ni kò ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa.

Formative àti summative, orúkọ ìdánwò ò ṣe pàtàkì, ohun tí wọ́n fi máàkì ẹ̀ ṣe ni kẹ́ ẹ wò. Ìdánwò ogún ìbéèrè kan náà, tí tíṣà bá fi mọ ibi tí kò yé wọn kó lè tún un kọ́ wọn, formative ni, tó bá fi fún wọn ní gíréèdì tó kádìí iṣẹ́ náà, summative ni. "Ìdánwò ìparí ọ̀sẹ̀" lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, torí náà ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìparí tàn yín.

Percentile tún ń pa èèyàn lẹ́kún. Ọmọ tó wà ní percentile 80, kò túmọ̀ sí pé ó gba 80 nínú 100 o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n fi í wé, nǹkan bí ọgọ́rin ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Tí ìdánwò yẹn bá le koko, ó lè jẹ́ 45 ló gbà. Ibi tí norm-referenced àti criterion-referenced ti yàtọ̀ nìyẹn, èyí àkọ́kọ́ ń fi yín wé ẹlòmíì, èkejì ń fi yín wé òdiwọ̀n tó wà nílẹ̀, bíi ìdánwò ìwakọ̀, kò sẹ́ni tó bìkítà bóyá ẹ mọ mọ́tò wà ju ẹnì kejì yín lọ. IQ wà lára ti norm: àárín ẹ̀ ni 100, standard deviation ẹ̀ (bí máàkì ṣe ń fọ́n ká kúrò ní àárín tó) sábà máa ń jẹ́ 15, nǹkan bí 68% èèyàn ló wà láàárín 85 sí 115. Wọ́n lè wá ní ẹni tó gba 115, percentile mélòó ló wà? Ìdajì àwọn 68 yẹn, ìyẹn 34, ló wà láàárín 100 sí 115, ẹ fi 50 tó wà nísàlẹ̀ 100 kún un, 84. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí ìbéèrè ìdánrawò fúnra ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ti ṣèwádìí lé lórí. Roediger àti Karpicke, 2006, wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan kà, wọ́n ní kí apá kan tún un kà, wọ́n ní kí apá kejì pa ìwé dé kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù, 81% sí 75%. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó ti yí padà, àwọn tó tún un kà ti bọ́ sí 42%, àwọn tó dán ara wọn wò wà ní 56%. Ẹ rí i pé àtúnkà ń múnú èèyàn dùn lálẹ́ ọjọ́ tó kà á ni, ó ń jọ pé ó ti wọlé. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń ṣí ìdáhùn wò lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó mú lẹ́tà kankan, tẹ́ ẹ kàn ń ní "ẹn ẹ́n, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀", àtúnkà lẹ̀ ń ṣe yẹn, ẹ ò tíì dánra wò.

Ó kan ìwádìí wàyí, ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń sá.

Reliability àti validity ná. Òṣùwọ̀n ìwọ̀n ara kan tó ń fi kílò mẹ́ta kún un fún gbogbo ẹni tó bá gùn ún, láàárọ̀, lálẹ́, lónìí, lọ́la, reliable ni, torí ohun kan náà ló ń sọ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n irọ́ ló ń pa, kò valid. Nǹkan lè jẹ́ reliable láì valid, ṣùgbọ́n tí òṣùwọ̀n bá ń sọ nǹkan tó yàtọ̀ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gùn ún, báwo ló ṣe fẹ́ valid? Ẹ mú ìyẹn lọ́wọ́, tí ọ́pṣọ̀n bá ní "valid but not reliable", ẹ fi í sílẹ̀.

Random sampling àti random assignment, àwọn méjì yìí gan-an ni wọ́n fi ń pa èèyàn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé olùwádìí fẹ́ mọ̀ bóyá dídán ara ẹni wò dáa ju àtúnkà lọ. Ó lọ sí kíláàsì kan tó ti mọ tíṣà wọn, ó gba ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn, ó wá ń ta owó ẹyọ sókè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó bá fi orí lélẹ̀ á lọ sí apá àwọn tó ń dánra wò, tó bá fi ìdí lélẹ̀ á lọ sí apá àtúnkà. Ṣé random sampling ni? Rárá, àwọn tó rọrùn fún un láti rí ló mú, convenience sample ni. Ṣé random assignment wà níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, owó ẹyọ yẹn. Sampling ni bí wọ́n ṣe mú èèyàn wọnú ìwádìí, assignment ni bí wọ́n ṣe pín wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti wọlé.

Kí wá ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe? Assignment ló jẹ́ kẹ́ ẹ lè sọ pé ìdánrawò ló fà á, torí owó ẹyọ ò mọ ẹni tó gbọ́n, kò mọ ẹni tó sùn dáadáa, ó pín gbogbo ìyàtọ̀ yẹn káàkiri, internal validity nìyẹn. Sampling ló jẹ́ kẹ́ ẹ lè sọ pé bó ṣe rí fún àwọn yìí ló ṣe máa rí fún àwọn tí kò sí níbẹ̀, external validity. Nínú ìtàn yìí, ẹ lè sọ ti àkọ́kọ́, ẹ ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìkejì. Independent variable ni ohun tí olùwádìí pín fún wọn, ìdánrawò àbí àtúnkà, dependent ni máàkì tó jáde. Tó bá wá jẹ́ pé òwúrọ̀ ni wọ́n kọ́ apá kan, tí wọ́n kọ́ apá kejì lọ́sàn-án gangan tí oorun ń kun wọ́n, confound, ìyẹn nǹkan mìíì tó lè jẹ́ òun ló fa ìyàtọ̀ náà, ti wọ̀ ọ́, owó ẹyọ kankan ò lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Correlation, ìyẹn nọ́ńbà láti −1 dé 1 tó ń sọ bí nǹkan méjì ṣe jọ ń rìn tó: −0.8 lágbára ju 0.6 lọ, àmì tó wà níwájú ń sọ ibi tó dorí kọ, nọ́ńbà ló ń sọ agbára. Lára àwọn ọmọdé, bí bàtà ṣe ń tóbi sí i náà ni wọ́n ṣe ń mọ̀wé kà sí i, ṣé ẹ wá fẹ́ ra bàtà ńlá fún wọn ni? Ọjọ́ orí ló ń fa méjèèjì.

P-value ńkọ́? Fisher, onímọ̀ statistics, ló mú 0.05, ẹnu ọ̀nà tí p gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó ní nǹkan wà níbẹ̀, gbajúmọ̀ látinú ìwé ẹ̀ ti 1925. Ọ́pṣọ̀n tó máa ń wuni láti mú ni "p = 0.03 túmọ̀ sí pé null hypothesis ní àǹfààní 3% láti jẹ́ òótọ́". Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ká ní null yẹn jẹ́ òótọ́, tí kò sí ìyàtọ̀ kankan, 3% ni àǹfààní pé a máa rí èsì tó ga báyìí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá ọ̀rọ̀ "ká ní" yẹn nínú ọ́pṣọ̀n, èyí tí kò bá ní in, ẹ fura sí i. Type I error, ẹ ní nǹkan wà níbi tí kò sí, Type II, ẹ ní kò sí níbi tó wà. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹnu ọ̀nà láti 0.05 sí 0.01, Type I á dín kù, ṣùgbọ́n Type II á pọ̀ sí i, àfi tẹ́ ẹ bá fi èèyàn kún àwọn tẹ́ ẹ mú.

Ọ̀nà kan tí mo fẹ́ràn fún gbogbo ìwọ̀nyí ni pé tẹ́ ẹ bá ti rí ìdáhùn tó tọ̀nà, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀, ẹ wo àwọn mẹ́ta tó kù kẹ́ ẹ bi ara yín pé kí ló máa yí padà nínú ìtàn yìí kí èyí náà lè tọ̀nà. Bí àpẹẹrẹ: olùwádìí kan fi máàkì àwọn ọmọ iléèwé tó ti ń lo kọ̀ǹpútà wé ti àwọn tí kò lò ó. Ìwádìí wo nìyẹn? A, true experiment. B, ex post facto. C, correlational. D, case study. B ni, torí kò pín kọ̀ǹpútà fún ẹnikẹ́ni, ó bá ìyàtọ̀ náà nílẹ̀ ni. Kó tó lè di A, òun fúnra ẹ̀ ló máa pín àwọn ọmọ bó ṣe bọ́ sí i, àwọn kan á gba kọ̀ǹpútà, àwọn kan ò ní gbà. Kó tó lè di C, á pa ti gúrúùpù méjì tì, á ka wákàtí tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń lò nídìí kọ̀ǹpútà, á wá wò ó bóyá wákàtí yẹn àti máàkì jọ ń rìn. D ńkọ́, iléèwé kan ṣoṣo, tàbí ọmọ kan ṣoṣo, ló máa jókòó tì fún ìgbà pípẹ́, tó máa wò ó tinú tẹ̀yìn. Ìbéèrè kan ti di mẹ́rin nìyẹn.